Ẹni tó mu ún àti ẹni tí kò mu ún: èéfín sìgá láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ní agbègbè Atakpamé

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nítòsí Atakpamé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń rán mi lọ ra sìgá, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Màá rà á wá, màá sì jókòó tì wọ́n kí wọ́n bá mi wo iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Bàbá ló ń mu sìgá, èmi kò mu ún. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ààbò dé ilé-ẹ̀kọ́ kó tó dé ilé.

Orúkọ tí a fún ewu yìí ti pẹ́ ju òfin lọ. Fritz Lickint, dókítà ará Jámánì, lo ọ̀rọ̀ náà Passivrauchen nínú ìwé tó gbé jáde ní 1939. Ní 1981, Takeshi Hirayama fi hàn ní Japan pé àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pa àwọn ìyàwó tí kò mu sìgá, tí ọkọ wọn ń mu ún, ju àwọn tí ọkọ wọn kì í mu ún lọ. Ní ti ọmọdé, èéfín yìí ń mú kí ikọ́ fée le sí i, ó sì ń dá kún àrùn etí àti òtútù àyà. Ìwádìí kan tí Lancet tẹ̀ jáde ní 2011 fojú bù ú pé ní 2004, ìdá 40 nínú 100 àwọn ọmọdé àgbáyé ló ń fa èéfín sìgá ẹlòmíràn símú.

Togo wọ inú àdéhùn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí tábà ní 2005. Abala 8 rẹ̀ dá lórí ààbò kúrò lọ́wọ́ èéfín, abala 12 lórí ẹ̀kọ́ fún aráàlú. Òfin 2010-017 jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2010. Ní 2012, àṣẹ ìjọba tẹ̀lé e tó de mímu sìgá ní ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ilé-ẹ̀kọ́ wà lára wọn. Yàrá tí ọmọ ń sùn kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló lè dé ibẹ̀, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni a sì ń retí pé kó gbé e délé.

Èdè wo ni yóò fi gbé e? Àtúntò ẹ̀kọ́ ti 1975 mú Ewé àti Kabiyè wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ ní Atakpamé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá tí a ń sọ nílé wa. Faransé ni mo fi kọ́ fumeur passif ní collège, lọ́dún tó tẹ̀lé òfin náà. Mo délé, mo túmọ̀ rẹ̀: "Bàbá, olùkọ́ wa ní èmi náà ń mu sìgá." Wọ́n fa ojú ro. "Ta ló fún ọ?"

Ìtumọ̀ mi ló ṣì wọ́n lọ́nà. Nínú fumer, fumée wà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rántí èéfín. Mu kò dárúkọ èéfín. A ń mu sìgá bí a ṣe ń mu omi, omi tí ẹnìkan mu kì í sì í wọ ikùn ẹlòmíràn. Nítorí náà, tí a bá pe ọmọ ní amusìgá, ẹ̀sùn ni òbí rẹ̀ yóò gbọ́, kì í ṣe ìkìlọ̀.

Ìyá mi ló tún un sọ. Wọ́n kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èéfín yín ń wọ ọmọ nímú." Nínú gbólóhùn wọn, èéfín ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ kò jẹ̀bi, àgbà kò sì gba àbùkù. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ igi máńgòrò níta ni Bàbá ti ń mu sìgá wọn. Wọn kò fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jáde.

Àbá mi kò ju èyí lọ: kí ètò ilé-ẹ̀kọ́ tó ń rán ọmọ sí òbí má ṣe rán an pẹ̀lú fumeur passif nìkan. Kí a kọ́ ọ ní gbólóhùn tí ọmọ lè sọ fún àgbà láìṣàfojúdi: èéfín ń wọ̀ mí nímú. Kí àwa onímọ̀ èdè sì bá olùkọ́ wá irú rẹ̀ ní Ifẹ̀.