Mùsùlùmí Tó Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó bá mọ Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Ifẹ̀ á mọ ère Odùduwà tí Làmídì Fákẹ́yẹ gbẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé ibi iṣẹ́ àwọn fadá ni Làmídì, Mùsùlùmí ará Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ dójú àmì.

Ní 1947, àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ìbọ̀rìṣà ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ka ère gbígbẹ́ sí nígbà náà. Fadá Kevin Carroll kò gbà bẹ́ẹ̀. George Bándélé, ọmọ Aréògún, ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, òun ló sì kọ́ Làmídì. Lọ́wọ́ wọn, àwọn amòye tó wá kí Jésù di ọba Yorùbá.

Òótọ́ ni pé ìtàn Bíbélì làwọn fadá ń bẹ̀ wọ́n, ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé ní 1954. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí Làmídì ṣèrìbọmi kó tó ríṣẹ́. Mùsùlùmí ló jẹ́ títí tó fi kú ní 2009. Ẹ̀yin ará, nínú àwọn ẹgbẹ́ ìjọ wa lónìí, ta là ń gbà láàyè bẹ́ẹ̀?