Àwọn Oníṣòwò Àlejò àti Orúkọ Ọjà Àgbáyé ní Agbègbè Ìjọ́rà àti Àpápá

Oníṣòwò àlejò ni ẹni tí ó ti ilẹ̀ mìíràn wá tẹ̀dó sí ìlú kan, tí ó sì dá okòwò sílẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ ọjà sì ni orúkọ àti àmì tí oníbàárà fi ń dá ọjà kan mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ibi tí méjèèjì ti pàdé ní Nàìjíríà ni Ìjọ́rà, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn ará Lẹ́bánónì, Gíríìsì àti Kíprù ti fi iṣẹ́ ọkọ̀, ìtajà àti èbúté pilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá.

Ilẹ̀ àti ọ̀nà

Ìjọ́rà, ilẹ̀ ìdílé Ọba Ọjọ́rà, wà láàárín Ìddó, tí ó jẹ́ orí ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, àti Àpápá, tí wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun rẹ̀ ní 1926. Ní 1923 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ amúnáwá ní Ìjọ́rà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kó ẹ̀rọ tàbí èròjà wọ̀lú, kí ó fi iná sọ ọ́ di ọjà, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí òkè ilẹ̀, kò ní láti rìn jìnnà.

Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò

Ní St. Louis ní Amẹ́ríkà ni Charles Leiper Grigg ti ṣe 7Up jáde ní 1929, ṣùgbọ́n ọwọ́ ará Lẹ́bánónì kan ni ó gbà dé ẹnu àwọn ará Èkó. Mohammed El-Khalil kọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní 1926, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ kí ó tó yíjú sí ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní mínírà, ní ìparí ẹ̀wádún 1950. Ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira, 1 Oṣù Kẹwàá 1960, ni ìgò 7Up àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìjọ́rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990 ni ilé-iṣẹ́ kan náà fi Pepsi kún un.

Àdéhùn àṣẹ ìlo-orúkọ ni irú okòwò yìí dúró lé: ẹni tí ó ni orúkọ yóò máa ta ojúlówó èròjà tí ó ń fún ohun mímu náà ní adùn rẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó gba àṣẹ yóò wá omi, ṣúgà, ìgò, ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́, yóò sì gbé ọjà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò mu ún. Ìgò wúwo, òfìfo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà wá kí a tó tún un rọ, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ mínírà kí ó tó di ọ̀rọ̀ adùn. Ìmọ̀ ọ̀nà tí El-Khalil ti kó jọ ni ó sọ orúkọ àyálò di ọjà tí a rí ní ìsọ̀ àwọn alátẹ.

Ọ̀nà mìíràn ni Anastasios Leventis, ọmọ Kíprù tí a bí ní 1902, gbà dé ibi kan náà. Ìtajà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Bottling Company tí ó dá sílẹ̀ ní 1951 bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola ní 1953 ní agbègbè Oyíngbò, tí kò jìnnà sí Ìjọ́rà. Lónìí, abẹ́ Coca-Cola HBC, tí ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì bí ní 2000, ni ó wà.

Ìyẹ̀fun

George Coumantaros, ọmọ Gíríìkì ní Amẹ́ríkà, jẹ́ olókòwò ọkọ̀ òkun. Ó dá Flour Mills of Nigeria sílẹ̀ ní 1960, ó sì gbé ọlọ rẹ̀ kalẹ̀ sí etí omi ní Àpápá, níbi tí ìyẹ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1962, tí àlìkámà sì lè ti inú ọkọ̀ bọ́ sínú àká láìgun ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyẹ̀fun yìí yàtọ̀ sí 7Up ní ti pé Nàìjíríà ni orúkọ rẹ̀, Golden Penny, ti dìde, tí ó di orúkọ tí àwọn oníbúrẹ́dì mọ̀ bí ẹní mowó.

Orúkọ tí ó ti ibí jáde

Yàtọ̀ sí orúkọ àyálò bí 7Up àti orúkọ abẹ́lé bí Golden Penny, ìsọ̀rí kẹta ni orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó sì jáde lọ. Ní 1989 ni ẹgbẹ́ Kewalram Chanrai, tí àwọn ọmọ Íńdíà dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Olam ní Nàìjíríà láti máa kó kajú ránṣẹ́ sí òkè òkun; Singapore ni olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà báyìí.

Òfin àti àwọn òṣìṣẹ́

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fara mọ́ agbára àwọn àlejò yìí. Òfin 1972 àti ti 1977 ya àwọn okòwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì ní kí àwọn mìíràn ta ìpín fún wọn, kí òfin 1995 tó tú òté náà. Òfin méjì àkọ́kọ́ yìí ran ọjà ìpín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún bí àṣà kí ọmọ ilẹ̀ máa fi orúkọ rẹ̀ bo owó àjèjì.

Àwọn àlejò kan tún wà tí orúkọ wọn kò sí lára ìgò tàbí àpò kankan. Àwọn Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò àti Ìgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí Ajégúnlẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ èbúté àti ti ilé-iṣẹ́ Àpápá. Orúkọ àdúgbò wọn túmọ̀ sí pé ajé ti gúnlẹ̀. Ọwọ́ wọn wà nínú sísọ ajé náà kalẹ̀ láti inú ọkọ̀.