Ìdánrawò iṣẹ́ abẹ obìnrin

Ìdánrawò iṣẹ́ abẹ obìnrin ni ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ tí dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ilé ọmọ, ilé ẹyin àti ojú ara fi ń lo ohun èlò àfarawé tàbí òkú ènìyàn kí ó tó fi ọ̀bẹ kan aláìsàn. Ète rẹ̀ ni kí àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìtàn

Ní ọdún 1759, ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ti ilẹ̀ Faransé yan agbẹ̀bí Angélique du Coudray láti máa kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Ère ìbàdí obìnrin àti ọmọ tuntun tí a fi aṣọ rán ni ó fi ń kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ère náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlú Rouen.

Ọ̀nà mìíràn ni J. Marion Sims gbà ní Montgomery, ìpínlẹ̀ Alabama, láàárín 1845 sí 1849. Ara àwọn ẹrúbìnrin adúláwọ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń rán ihò tó wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, láìlo oògùn akunnilóorun. Orúkọ mẹ́ta nínú wọn ni a mọ̀: Anarcha, Lucy àti Betsey. Anarcha nìkan fara gba iṣẹ́ abẹ bí 30.

Ohun èlò àfarawé

Èyí tó rọrùn jù ni àpótí ìdánrawò. Akẹ́kọ̀ọ́ a ki irin gígùn méjì bọ inú àpótí, a sì máa wo ojú tẹlifíṣọ̀n bí ó ti ń gbé nǹkan, tí ó ń gé aṣọ, tí ó sì ń so òwú. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí, tí a ń pè ní FLS, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ di dandan fún àwọn oníṣègùn obìnrin tó parí ìkọ́ṣẹ́ lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2020 tí wọ́n sì fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí.

Ohun èlò kejì ni kọ̀ǹpútà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009 lórí dókítà 24 ní ilẹ̀ Denmark, àwọn tó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà dánra wò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 láti ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ẹyin. Àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lo ìṣẹ́jú 24.

Lílo òkú

Òkú ń kọ́ni ní ipò tí ẹ̀yà ara wà gan-an. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti inú kíndìnrín dé àpò ìtọ̀ kọjá lábẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ, nítòsí ọrùn ilé ọmọ. Ẹni tó ń yọ ilé ọmọ lè ṣèèṣì gé e tàbí kí ó dè é mọ́ iṣan náà, kíndìnrín sì lè bàjẹ́.

Oògùn formalin ń mú kí òkú gan. Nítorí náà, Walter Thiel ti ìlú Graz, ní ilẹ̀ Austria, gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní 1992, èyí tí ń jẹ́ kí ẹran ara àti oríkèé rọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn lára òkú bí ti alààyè.

Ìyọ̀ǹda

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2004 béèrè pé kí ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ti fọwọ́ sí ìwé kí ó tó kú. Ní Nàìjíríà, òkú tí ẹbí kò wá gbà ni ó pọ̀ jù ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Láàárín àwọn Yorùbá, tí wọ́n ka sísin òkú òbí sí ojúṣe ọmọ, ó ṣòro kí ẹbí gbà láti fi òkú sílẹ̀.

Ààlà

Ìdánrawò kò rọ́pò iṣẹ́ abẹ lábẹ́ ojú ọ̀gá. Ó ń mú kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ iṣẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn àkọ́kọ́.