Orúkọ Ìlú York àti Àwọn Etí Tí Ó Gbọ́ Ọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bí ó bá jẹ́ ti ọmọ ènìyàn, nítorí pé ẹni tí ó bí i wà níbẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti wí nípa ìlú? Ìlú a máa pẹ́ láyé ju àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ lọ. Onílé a kú, àlejò a di onílé, èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà a sì yí padà pátápátá. Síbẹ̀ orúkọ àtijọ́ náà ni àwọn ọmọ ìlú yóò máa jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ilé ta ni a ó wò kí a tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìlú York, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé ìbéèrè yìí kò mí lójú. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo lò níbẹ̀, ìtumọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún mi. Ìyá àgbà kan tí ó ń ta ìwé àlòkù ní "ibùdó ìmàdò" ni orúkọ náà ń jẹ́. Ọkùnrin kan tí mo pàdé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fi ohun àtijọ́ àwọn Viking han àlejò ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé "èbúté ẹṣin" ni. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó ń mú wa rìn lórí odi ìlú sọ pé igi ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, pé àwọn méjèèjì tí ó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ kò wádìí. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo rántí ilé. Mo ti jókòó rí níbi tí àgbàlagbà mẹ́ta ti ń túmọ̀ orúkọ abúlé kan ṣoṣo ní ọ̀nà mẹ́ta, tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ara balẹ̀ ka ìtàn ìlú York, mo rí i pé kò sí ẹni tí ó parọ́ fún mi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ìran kan gbọ́ nínú orúkọ náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 71 lẹ́yìn ìbí Jésù, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù kẹsàn-án tẹ̀dó sí ibi tí odò Ouse àti odò Foss ti pàdé. Eburacum tàbí Eboracum ni wọ́n ń pe ibùdó yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù kọ́ ni ó ṣẹ̀dá orúkọ náà. Ẹnu àwọn onílẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, àwọn tí èdè wọn jẹ́ ìyá fún èdè Welsh òde òní. Ní èdè àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí, eburos ni igi kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní yew, igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́wé ní ìgbà òtútù, tí ó sì lè gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé "ibi tí igi yew pọ̀ sí" ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà. Àwọn mìíràn ní ọkùnrin kan ni ó ń jẹ́ Eburos tí ó ni ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ara igi kan náà ni orúkọ ọkùnrin ọ̀hún ti wá. Ohun tí ajagunṣẹ́gun tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń ṣe ni àwọn ará Róòmù ṣe: wọ́n gba orúkọ tí wọ́n bá nílẹ̀, wọ́n fi ìrù Látìn sí i, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ rí orúkọ náà ní kíkọ sílẹ̀ ni pátákó igi pẹlẹbẹ kan tí a hú jáde nílẹ̀ ní Vindolanda, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 100. Ìlú náà gbòòrò débi pé olú-ọba Róòmù méjì kú síbẹ̀. Èkíní nínú wọn ni Septimius Severus, ẹni tí a bí ní Leptis Magna ní etíkun àríwá Áfíríkà, tí ó sì kú ní Eboracum ní ọdún 211. Èkejì ni Constantius, ẹni tí ó kú ní ọdún 306, tí àwọn ọmọ ogun sì fi ọmọ rẹ̀, Constantine, jẹ olú-ọba níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan ti jókòó ṣe àkóso ayé ní ìlú yìí kí èdè Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀ rárá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, agbára Róòmù kúrò nílẹ̀ náà. Àwọn Angle, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì, sì rékọjá òkun wá. Wọ́n bá orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ebor nílẹ̀. Wọn kò gbọ́ èdè onílẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé igi wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní èdè tiwọn, eofor ni ìmàdò, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ó ní eyín ṣóńṣó. Etí wọn mú un, wọ́n sì fi wic kún un, èyí tí ó túmọ̀ sí ibùgbé tàbí ibùdó òwò. Báyìí ni Eboracum di Eoforwic. Ìmàdò lè wà nínú igbó àyíká ìlú náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni ó fún ìlú lórúkọ. Ìró ni ó jọ ìró. Orúkọ tuntun yìí ni ìlú náà ń jẹ́ nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún ọba Edwin níbẹ̀ ní ọdún 627, òun náà ni ó sì ń jẹ́ nígbà tí Alcuin, ọ̀mọ̀wé ńlá nì, kàwé níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹjọ.

Ní ọdún 866, àwọn Viking gba ìlú náà. Ahọ́n tiwọn kò lè gbé Eoforwic bí ó ti wà. Wọ́n gbé f mì, wọ́n lọ fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ títí ó fi ń dún bí y wa, ó sì di Jórvík. Etí tiwọn náà rí ohun mú nínú rẹ̀: jór ni ẹṣin, vík sì ni ibi tí omi òkun ti ya wọ ilẹ̀. Òkun jìnnà sí York, odò ni ó gba àárín rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ ìtumọ̀ náà jókòó pẹ̀sẹ̀. Ọdún 954 ni wọ́n lé Eric, ọba Viking ìkẹyìn níbẹ̀, kúrò lórí oyè, ṣùgbọ́n èdè wọn kò bá a lọ. Ọ̀pọ̀ òpópónà ìlú náà ni orúkọ rẹ̀ parí sí gate: Stonegate, Micklegate, Coppergate. Èmi gan-an ti dúró ní Stonegate tí mo ń wá ẹnubodè tí n kò rí. Gata, èyí tí í ṣe òpópónà ní èdè àwọn Viking, ni ó wà nínú orúkọ wọ̀nyí. Ẹnubodè gan-an, bar ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní Coppergate yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti wa ilẹ̀ láàárín ọdún 1976 sí 1981, tí wọ́n rí ilé, bàtà àti òòyà àwọn ará Jórvík.

Ohun tí ó kù kò gùn. Àwọn Norman dé ní ọdún 1066, àwọn akọ̀wé wọn sì ń kọ orúkọ náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ṣùgbọ́n ahọ́n àwọn ará ọjà kò dúró dè wọ́n. Bí omi odò ṣe ń lọ òkúta ni wọ́n ṣe lọ Jórvík, títí ó fi di York ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Bí a bá tú orúkọ náà wò lónìí, k ìparí rẹ̀, ara wic ni ó ti wá. Nínú igi àkọ́kọ́ nì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ r nìkan ni ó ṣẹ́kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí rè é. Nígbà tí ìtumọ̀ orúkọ bá sọnù, ènìyàn kì í fẹ́ kí ààyè rẹ̀ ṣófo. Ní nǹkan bí ọdún 1136, Geoffrey ará Monmouth kọ ìwé ìtàn kan nípa àwọn ọba ilẹ̀ náà. Ó ní ọba kan tí ń jẹ́ Ebraucus ni ó tẹ York dó, ó sì fún un ní ìyàwó ogún, ọmọkùnrin ogún àti ọmọbìnrin ọgbọ̀n. Kò sí ọba bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ ni ó bí ọba, kì í ṣe ọba ni ó bí orúkọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọba Henry Keje ṣe àbẹ̀wò sí York ní ọdún 1486, wọ́n wọṣọ ọba fún ẹnì kan tí ó ṣe bí Ebraucus, tí ó sì jáde wá pàdé rẹ̀ ní gbangba.

N kò lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ọwọ́ èmi náà kò mọ́. Nígbà èwe mi, wọ́n ní kí n kọ ìtàn abúlé kan sínú ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín níbi ayẹyẹ. N kò bi àgbà kankan. Mo gé orúkọ náà sí méjì, mo rí ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọdẹ nínú rẹ̀, mo sì dá ọdẹ kan sílẹ̀ tí ó ṣáájú gbogbo ènìyàn débẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti abúlé náà fi ìgbéraga ròyìn ọdẹ yìí fún mi gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀. Ọdẹ tèmi ni. Mo sọ òtítọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́.

Orúkọ York kò dúró sílé. Ní ọdún 1664, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba New Amsterdam lọ́wọ́ àwọn ará Holland, wọ́n sì sọ ọ́ di New York ní orúkọ James, àbúrò ọba, tí oyè rẹ̀ jẹ́ Duke ti York. James yìí kan náà ni olórí ilé-iṣẹ́ Royal African Company, tí ó kó àwọn ọmọ Áfíríkà lọ sí oko ẹrú. Ní etíkun Sàró, abúlé kan wà tí ó ń jẹ́ York, ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú àti àwọn sójà tí iṣẹ́ wọn parí. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí a tú sílẹ̀ sí orí ilẹ̀ Sàró nígbà náà. Orúkọ kan náà, fún ẹni tí ó jèrè òwò ẹrú àti fún ibùgbé àwọn tí a tú sílẹ̀.

Sàró tí mo pè yìí ńkọ́? Àwọn Potogí ni ó sọ ilẹ̀ náà ní òkè kìnnìún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é ní Sierra Leone. Àwa sì fi ahọ́n tiwa lọ̀ ọ́ di Sàró. Ta ni ó ń pe Sàró ní Èkó tí òkè tàbí kìnnìún ń wá sí i lọ́kàn? Ohun tí àwọn Viking ṣe sí Eoforwic ni àwa náà ṣe.

Síbẹ̀, igi àkọ́kọ́ nì kò kú tán. Títí di òní, bí bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú York bá ń fọwọ́ síwèé, Ebor ni ó ń kọ tẹ̀lé orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Wales, ọmọ onílẹ̀ àtijọ́, kò sì fìgbà kan gba ìmàdò tàbí ẹṣin: Efrog ni wọ́n ń pe York, Efrog Newydd sì ni wọ́n ń pe New York.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí wọ́n bá tún bi mí ní ìtumọ̀ orúkọ ìlú kan, n kò ní yára gé e sí méjì mọ́. N ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó gbọ́ ọ, àti èdè tí ó fi gbọ́ ọ.