Arán Tí Ó Ní Àtúnṣe: Ìtàn Salomón Hakim àti Omi Inú Ọpọlọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìsàn ni à á wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Òwe yìí pa ààlà sáàárín ohun tí ọwọ́ oníṣègùn ká àti èyí tí kò ká. Ṣùgbọ́n níbo gan-an ni ààlà náà wà? Bí àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí kò sì lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ohun tí àwọn ará ilé yóò wí ni pé ó ti ń ṣarán. Wọn yóò ní ogbó ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Nínú àròkọ yìí, a ó rí bí oníṣègùn kan ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà ṣe fi hàn pé kì í ṣe gbogbo arán ni ti ọlọ́jọ́.

Kí ìtàn náà tó lè yé wa, ó yẹ kí á mọ bí inú orí ti rí. Ihò mẹ́rin ni ó wà nínú ọpọlọ, níbi tí omi kan tí ó mọ́ gaara ti ń sun. Omi yìí a máa ṣàn yí ọpọlọ ká, ẹ̀jẹ̀ a sì máa fà á padà. Nínú àgbàlagbà, ó tó nǹkan bí 150 mìlílítà, ṣùgbọ́n èyí tí ara ń pèsè lóòjọ́ tó nǹkan bí 500. Bí ọ̀nà tí omi ń gbà padà kò bá já geere mọ́, ihò yóò fẹ̀, ọpọlọ yóò sì máa fún mọ́ agbárí. Bí ó bá ṣe ọmọ ọwọ́ tí eegun orí rẹ̀ kò tí ì le, orí rẹ̀ yóò wú; láti ayé àtijọ́ ni àwọn oníṣègùn ti mọ èyí. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ó lè ṣe àgbà, láìjẹ́ pé ipá tí omi fi ń ti ọpọlọ ga ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ní 1922 ni a bí Salomón Hakim ní ìlú Barranquilla, láti inú ìdílé àwọn ará Lẹ́bánónì tí wọ́n ṣí wá sí Kòlóḿbíà. Ó kọ́ ìṣègùn ní Bogotá, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, nígbà tí ó ń yẹ ọpọlọ àwọn òkú wò, ohun kan rú u lójú: ó rí ọpọlọ àwọn tí wọ́n ti ṣarán kí wọ́n tó kú, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n tí ara ọpọlọ náà kò bàjẹ́ tó bí ó ti yẹ kí ó bàjẹ́. Bí ọpọlọ kò bá run, kí ni ó fa arán?

Ní 1957, ní ilé-ìwòsàn San Juan de Dios ní Bogotá, ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Mọ́tò ni ó gbá ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, síbẹ̀ kò lè fọhùn. Ihò ọpọlọ rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Hakim wọn ipá omi náà, bákan náà ni ó rí pẹ̀lú ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó fa omi 15 mìlílítà láti fi ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó tún padà sí ipò àtijọ́. Hakim tún fa omi, ọmọ náà sì tún sọ̀rọ̀. Níkẹyìn, Hakim fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la ọ̀nà fún omi náà kúrò nínú ọpọlọ. Ọmọ náà padà sí ilé-ìwé.

Báwo ni ipá tí kò ga ṣe lè ṣe ibi tó bẹ́ẹ̀? Àlàyé Hakim ni pé kì í ṣe ipá nìkan ni à á wò, bí kò ṣe bí ibi tí ipá náà ń tì ti gbòòrò tó. Atẹ́gùn kan náà tí kò lè gba aṣọ ìnujú lọ́wọ́ ẹni lè já aṣọ ńlá kúrò lórí okùn tí a sá a sí. Bí ihò bá ti fẹ̀ tán, ìwọ̀nba ipá tó láti máa fún ọpọlọ.

Kì í ṣe Hakim nìkan ni ó la ọ̀nà yìí. Ní 1956, ní Amẹ́ríkà, John Holter, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí kì í ṣe oníṣègùn, ti ṣe fááfù kékeré nítorí ọmọ tirẹ̀ tí omi kún orí rẹ̀. Irú fááfù bẹ́ẹ̀ a máa jẹ́ kí omi jáde, kò sì ní jẹ́ kí ó padà. Hakim náà ṣe tirẹ̀ nígbà tí ó yá. Ní 1964 ó kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ ní èdè Sípéènì. Ní 1965 òun àti Raymond Adams pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba nínú àkọlé pé àrùn tí ó ṣeé wò ni.

Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi dá a mọ̀. Èkíní ni ìrìn: aláìsàn a máa rìn bí ẹni pé ilẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Èkejì ni ìgbàgbé àti ìlọ́ra èrò. Ẹ̀kẹta ni àìlèmú ìtọ̀ dúró. Ìrìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, òun náà ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ sàn. Láti 1971, tí a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ Godfrey Hounsfield ya àwòrán inú orí aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti rọrùn láti rí ihò tí ó fẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kò tó, nítorí pé ihò a máa fẹ̀ bí ọpọlọ bá ń rù. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ṣe máa ń fa omi 30 sí 50 mìlílítà láti ẹ̀yìn, tí wọn yóò sì wo bí aláìsàn ti ń rìn ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe ohun eré. Ẹ̀jẹ̀ lè ya sí agbárí, rọ́bà lè dí, àrùn mìíràn sì lè wà nínú ọpọlọ tí omi fífà kò ní wò. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2025, èyí tí a fi aláìsàn 99 ṣe, fi hàn pé ìrìn àwọn tí a ṣí fááfù fún yá ju ti àwọn tí a kò tí ì ṣí i fún lọ láàárín oṣù mẹ́ta.

Hakim kú ní 2011. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn rẹ̀ kọ́ wa ni pé kí á má ṣe tètè fi orúkọ ogbó bo àìsàn mọ́lẹ̀. Àgbà tí ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ọjọ́ alẹ́ dé bá lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé omi ni ó há mọ́ ọn lórí. Ẹni tí a kò bá gbé dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, a kò ní mọ èwo ni tirẹ̀. Àìsàn ni à á wò. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí á kọ́kọ́ gbà pé àìsàn ni.