Fífi Síkáàfù àti Ìborùn Àlòkù Rán Aṣọ

Fífi síkáàfù àti ìborùn àlòkù rán aṣọ jẹ́ ọ̀nà kan tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lè gbà rán bùbá tàbí síkẹ́ẹ̀tì láìfi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ rárá. Igun mẹ́rin síkáàfù ti gún, wọ́n sì ti ká etí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ohun tó kù ni kí a mọ ibi tí a óò rán àti ibi tí a óò fi sílẹ̀ fún orí àti apá.

Ibi tí a ti ń rí i

Ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ Yorùbá ló ní gèlè àti ìborùn aṣọ ẹbí tí wọn kò lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú àpótí. Síkáàfù tún wà lọ́jà òkìrìkà. Èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90 sí 90 ló dára jù fún aṣọ àgbà. Ìwọ̀n yìí náà ni ilé iṣẹ́ Hermès ti ilẹ̀ Faransé mú lò fún síkáàfù sílíkì rẹ̀ ní 1937. Gèlè tó le gan-an máa ń ha ara, etí rẹ̀ sì tètè ń tú, nítorí náà ó yẹ kí a fi láínì sí i. Ní ti gèlè aṣọ òkè, a lè tú okùn tó so àwọn ọ̀já rẹ̀ pọ̀, kí a fi ọ̀já náà ṣe àpò tàbí ọrùn bùbá.

Láti mọ ohun tí wọ́n fi hun ún, ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ, kí ẹ fi iná kàn án níbi tí kò léwu. Sílíkì a máa rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ a sì rún. Pọ́líẹ́sítà a yọ́, a sì di kókó líle.

Bí a ṣe ń rán an

Kí a tó wọn síkáàfù, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì lọ̀ ọ́. Fún bùbá, a ó da ojú síkáàfù méjì kọ ara wọn. Lókè, a ó rán sẹ̀ǹtímítà 30 láti igun kọ̀ọ̀kan wá sáàárín. 30 tó ṣẹ́ kù láàárín ni ọrùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a ó fi 25 sílẹ̀ láti èjìká fún apá, a ó sì rán ìyókù dé ìsàlẹ̀. Apá aṣọ náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgúnpá.

Fún síkẹ́ẹ̀tì, a ó rán ẹ̀gbẹ́ síkáàfù méjì pọ̀, a ó ṣẹ́ òkè rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, a ó sì ti rọ́bà ìbàdí bọ inú rẹ̀.

Sílíkì àti ṣífóònù máa ń yọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, nọ́ńbà 70, ló bá wọn mu. Bí a bá tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ wọn, tí a sì fà á ya lẹ́yìn tí a bá rán an tán, ojú rírán náà kò ní súnkì.

Síkáàfù kọ́tìn-ìnì kì í yọ̀, òun ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi dánwò. Sányán, àlàárì àti ẹtù tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ kì í ṣe ohun ìdánwò: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yá lórí síkáàfù òkìrìkà ná.