Ilé Àjùmọ̀gbé: Àgbéyẹ̀wò Ìgbésí Ayé Àfòpiná Sányán

Àfòpiná tí ilé rẹ̀ ń di òwú sányán wà nínú ìran Anaphe àti ìbátan rẹ̀ Epanaphe, nínú ẹbí Notodontidae. Áfíríkà ni ilé wọn, nínú igbó àti ọ̀dàn. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù fún òwú nílẹ̀ Yorùbá: Anaphe infracta, tí àwọn onímọ̀ kan ti kà mọ́ Anaphe panda báyìí, Anaphe venata, àti Epanaphe moloneyi, èyí tí onímọ̀ kòkòrò Druce fi orúkọ Alfred Moloney, gómìnà Èkó, sọ ní 1887. Ohun tí àfòpiná jẹ́, àti bí ẹyin ṣe ń di ìdin, tí ìdin ń di púpà, kò ní í gba àyè níbí. Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ti mọ̀ wọ́n.

Ohun tó fa àgbéyẹ̀wò yìí ni èrò kan tó ń tàn kálẹ̀ láàrin àwọn tó ń kọ̀wé lórí aṣọ òkè. Wọ́n ní kòkòrò kan náà ló ń pọ òwú sányán àti òwú àlàárì, pé aró nìkan ló yà wọ́n. Wọ́n tún fi kún un pé bí a bá lè gbé ẹ̀rọ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń fa sílíkì dé Ìsẹ́yìn, sányán yóò tún kún ọjà bíi ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ìgbésí ayé àfòpiná náà ni kò jọ pé ó gbè é lẹ́yìn.

Abo àfòpiná yìí máa ń yé ẹyin rẹ̀ jọ sójú kan lábẹ́ ewé, á sì fi irun ìdí ara rẹ̀ bò wọ́n. Ìdin tó bá jáde níbẹ̀ ni àwọn Yorùbá ń pè ní èkùkù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde ni wọn kì í ti í fi ara wọn sílẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń bọ́ awọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣí kúrò ní ẹ̀ka kan, wọn á tò tẹ̀ léra, orí èyí ní ìdí èyí, ní ìlà kan gbọọrọ. Ìbátan wọn kan ní gúúsù Yúróòpù, Thaumetopoea pityocampa, tó ń jẹ ewé igi páìnì, ń rìn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Igi ìrà (Bridelia) ni infracta fẹ́ràn. Arère ni ti venata, ó sì lè jẹ ewé igi arère ńlá tán títí igi yóò fi wà níhòòhò láàrin òjò. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, oṣù keje sí ìkẹsàn-án ni èkùkù pọ̀ jù. Àgbà àfòpiná fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀: ìyẹ́ rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀, ó ní ilà àwọ̀ ilẹ̀, kò ní ẹnu tó lè fi jẹun, ọjọ́ rẹ̀ kò sì gùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ilé tí ìdin ń kọ́ kí ó tó di púpà. Oríṣi méjì ló yẹ kí á yà sọ́tọ̀: ilé àdágbé àti ilé àjùmọ̀gbé. Gbogbo àṣìṣe tí à ń bá wí yìí, láti ibi tí wọn kò ti yà wọ́n ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kòkòrò ilẹ̀ Ṣáínà, Bombyx mori, ń gbé ilé àdágbé. Ẹran ọ̀sìn ni láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ewé mọ́bẹ́rì ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, àgbà rẹ̀ kò tilẹ̀ lè fò mọ́. Nígbà tó bá ń kọ́lé, okùn kan ṣoṣo ló ń ti abẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde, tí kò já títí iṣẹ́ fi parí, ó sì lè gùn ju mítà 600 lọ. Ẹni tó bá ti ri ilé náà sínú omi gbígbóná, tó sì rí orí okùn náà mú, lè máa fà á lọ títí ilé yóò fi tú tán. Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ Ṣáínà kò ju èyí lọ: ó ń wá orí okùn, ó ń fà á, ó ń ká a.

Èkùkù kì í dá ilé kọ́. Bí àkókò bá tó, àwọn ọmọ ẹyin kan náà á kóra jọ sí ẹ̀ka tàbí ìdí igi, wọn á sì jọ máa pọ okùn lé orí okùn ara wọn. Nǹkan bí ogún lè wà nínú ilé kan. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan náà lè wà níbẹ̀. Ìpele òde rọ̀, ó sì rí wúruwùru. Ìpele kejì le bí awọ ìlù, ọ̀bẹ tí kò mú kò ràn án. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ odi yìí yí ara wọn ká tán ni kálukú tó wá ń hun yàrá tirẹ̀. Ẹni tó bá la ilé náà sí méjì yóò rí àwọn yàrá kéékèèké tó fún mọ́ra wọn, púpà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti àwọn irun tínńtín tó ti bọ́ lára èkùkù. Irun wọ̀nyí ló ń yún ara, tó sì ń mú kí ọwọ́ wú.

Kò sí orí okùn kankan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ lè wá rí. Okùn ọgọ́rùn-ún kòkòrò ti lọ́ mọ́ra wọn, ohun tó dà bí oje ló sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá tó ń ṣe sányán fi ń sè é nínú omi eérú kí oje náà lè yọ́ kúrò. Wọn á fọ̀ ọ́, wọn á sá a, wọn á fi ọwọ́ tú u sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n tó wá ran án bí wọ́n ṣe ń ran òwú oko. Òwú ríran ni sányán. Òwú fífà ni ti Bombyx. Òwú ríran kì í dán tó òwú fífà, ó nípọn jù ú lọ, kì í sì í gún régé láti orí dé ìdí. Àwọn tó ń pe èyí ní àbùkù iṣẹ́ ọwọ́ kò tíì fi ara balẹ̀ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun mìíràn tún jáde láti inú ìyàtọ̀ yìí. Àfòpiná Bombyx tó bá lu ilé rẹ̀ jáde ti já okùn náà sí wẹ́wẹ́, nítorí náà ni àwọn ọlọ́sìn fi ń fi ooru pa púpà kó tó yí padà. Ilé èkùkù tí àfòpiná ti jáde nínú rẹ̀ ṣì ṣe é sè, ó ṣì ṣe é ran.

Ti àlàárì kò nílò àlàyé gígùn. Òwú pupa tí wọ́n fi hun ojúlówó rẹ̀ láyé àtijọ́, Tripoli ló ti ń gba aginjù Sàhárà wá sí Kano kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ Yorùbá. Sílíkì Bombyx ni, wọ́n sì ti pa á láró kó tó gbéra. Àwọ̀ sányán ní tirẹ̀, ara okùn ló ti wá, aró kankan kò kàn án. Òótọ́ ni pé sílíkì ni méjèèjì. Ibẹ̀ ni ìjọra náà parí sí. Ká má tún wá sọ ti èyí tó pọ̀ lọ́jà lónìí, tó jẹ́ òwú lásán tàbí reyọ́ọ̀nù tí wọ́n fún ní àwọ̀ sányán.

Wọ́n tún máa ń da èkùkù pọ̀ mọ́ kòkòrò igi ẹ̀mí, Cirina forda, nítorí pé à ń jẹ méjèèjì. Ẹbí ọ̀tọ̀ ni Cirina, inú ilẹ̀ ló sì ń wọ̀ lọ di púpà, kò ní ilé tí ẹnikẹ́ni lè ran. Èkùkù ni wọ́n ń yan nínú iyanrìn gbígbóná. Olùwádìí Ashiru ṣe àyẹ̀wò A. venata ní 1989, ó sì rí i pé purotéènì inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Àwọn tó ń polongo kòkòrò jíjẹ fẹ́ràn òǹkà yìí. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ní 1958, àwọn dókítà Wright àti Morley kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú kí ara àwọn èèyàn máa gbọ̀n, tí wọn kò sì lè rìn dáadáa, ní àkókò òjò ní Iléṣà. Ní 1993, Adamolekun so irú àìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́ jíjẹ A. venata. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí fi hàn pé fítámì B1 ń wò ó. Nígbà tó di 2000, Nishimune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé èròjà kan wà nínú kòkòrò náà tó ń ba fítámì yìí jẹ́, tí ooru kò sì tètè pa. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kún fún gbàgúdá, tí kò sì rí ẹran tàbí ẹ̀wà jẹ dáadáa, ni ewu náà kàn jù.

Ó lè jẹ́ pé àwọn tó gbé èrò ẹ̀rọ Ṣáínà kalẹ̀ ní ẹ̀rí mìíràn tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde, kò sì yẹ kí á fi ìkánjú ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ jáde títí di ìsinsìnyí kò ju ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì la ilé èkùkù wò rí. Bí ìrànlọ́wọ́ bá máa wà fún sányán, ó jọ pé orí igi ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní igbó Kakamega ní Kẹ́ńyà, àwọ̀n ni àwọn olùwádìí fi bo ẹ̀ka Bridelia tí èkùkù A. panda wà, kí ọ̀tá má bàa dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó wà lábẹ́ àwọ̀n yè ju àwọn tó wà ní gbangba lọ.

Igi tí èkùkù ń jẹ gan-an ló kù tí ó yẹ kí á wádìí. Pákó arère ni àwọn agégẹdú ti ń gé tà láti ayé òyìnbó, kò sì jọ pé àwòrán ilẹ̀ kan wà tó fi ibi tí arère kù sí hàn ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣa ilé èkùkù. Ìrà ní tirẹ̀ tètè ń hù ní oko tí wọ́n fi sílẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí infracta ti gba ipò venata ní àwọn agbègbè kan láìsí ẹni tó kíyè sí i. Aṣọ àtijọ́ lè jẹ́rìí sí i. Àwọn sányán tó wà nínú àpótí ìdílé àti ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ju ìran èkùkù tó wà láàyè lónìí lọ ní ọjọ́ orí. Bí a bá tú fọ́nrán díẹ̀ lára ìṣẹ́tí wọn wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, tí a sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nrán inú ilé venata àti infracta tí a mọ igi tí wọ́n ti wá, a lè mọ èyí tó hun aṣọ ọdún wo.